Ìwé Aláwòrán tí Tóbi Gbé Dé Ìpàdé Ẹbí

Òtítọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà yìí. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, èmi ì bá ti jẹ́ kí ó dùn ju báyìí lọ!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé ọmọdé kan, ìwé tí àwòrán inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ṣe lé arúgbó jáde nínú ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tí màmá mi kò tíì mọ ọ̀nà Èkó. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ní Olówógbowó ni ilé náà wà. Ayálégbé ni wá níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo lábẹ́ àtẹ̀gùn ni èmi àti màmá mi ń gbé. Ìjẹ̀ṣà ni màmá mi, ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan nítòsí Tinúbú ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Sàró ni àwọn onílé, àwọn tí baba ńlá wọn fi ọkọ̀ ojú omi padà wálé láyé àtijọ́. Ilé ẹbí ni. Ẹ sì mọ ohun tí ilé ẹbí túmọ̀ sí: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹbí bá ń ṣàn nínú rẹ̀ ló ni ibẹ̀. Àlejò ni ẹlòmíràn, ì báà jókòó síbẹ̀ títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi funfun.

Lókè ni àwọn Sisí méjì ń gbé. Sisí Fọlá ni ọmọ onílé. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ ni aṣọ ìyàwó ti máa ń jáde ní ìjọ wa. Sisí Tísà ni èkejì. Ìjẹ̀bú ni ó ti wá, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí èyí tó lọ́kọ nínú wọn, kò sì sí èyí tó bímọ.

Ẹ ó béèrè pé kí ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn. Ọ̀rẹ́ ni! Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. Bí ọ̀kan bá lọ sí ọjà, èkejì á dúró lójú fèrèsé títí yóò fi dé. Sisí Tísà kì í jẹ ẹja àfi tí Sisí Fọlá bá bá a yọ egungun rẹ̀. Bí wọ́n bá sì jà, gbogbo ilé ló máa ń mọ̀, nítorí Sisí Fọlá á máa wa máṣíìnì rẹ̀ bí ẹni tó ń lé olè.

Mo bi màmá mi lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ọ̀rẹ́ lásán ni wọ́n. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Mojí,” ni ó wí, “ṣé o ti fọ abọ́?”

Mo lọ fọ abọ́.

Nígbà òjò ni Sisí Fọlá kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e ṣubú nídìí máṣíìnì. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ẹbí jókòó síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ni Sisí Tísà jókòó sí, láàárín àwọn oníbàárà olóògbé. Nígbà tí a dé ibojì, wọ́n pe àwọn ẹbí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá bu erùpẹ̀ sí i. Mo retí títí kí wọ́n pe Sisí Tísà. Wọn kò pè é.

Àṣà kan wà nínú ẹbí wọn. Bí ẹnì kan bá kú nínú ilé, olórí ẹbí ni yóò ti yàrá rẹ̀ pa. Kọ́kọ́rọ́ yóò wà ní àpò rẹ̀ títí di àdúrà ogójì ọjọ́, ọjọ́ tí gbogbo ẹbí yóò péjọ láti ṣí yàrá náà, kí wọ́n pín ẹrù, kí wọ́n sì sọ ẹni tí yóò máa gbé ibẹ̀.

Pápá Sámúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n Sisí Fọlá, ni olórí ẹbí. Akọ̀wé báńkì ni wọ́n láyé ọjọ́un, wọ́n sì ṣì ń wọ kóòtù lọ sí ibi gbogbo. Yàrá méjì ló wà lókè. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Sisí Fọlá, kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀ rí. Yàrá kejì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, ni àwọn méjèèjì ń sùn. Pápá mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Pápá dúró láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n wúkọ́, wọ́n sì ti èyí tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí pa.

Ẹ rí i bí àgbà ṣe ń ṣe nǹkan! Bí wọ́n bá ti èkejì ni, níbo ni Sisí Tísà ì bá sùn? Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ti wó, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti kú tán.

Pápá tún sọ̀rọ̀ ìtùnú fún un, ojú èmi àti màmá mi ló ṣe. “Sisí, ẹ má dààmú. Lọ́jọ́ tí a bá péjọ, níwájú gbogbo ẹbí, èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ pé yàrá yẹn di tiyín títí Olúwa yóò fi pè yín.” Níwájú gbogbo ẹbí ni wọ́n ní, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè yí i padà lọ́la.

Ìlérí yẹn nìkan ni Sisí Tísà ní.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí orí ìwé náà. Lọ́jọ́ Sátidé, Sisí Tísà máa ń kàwé fún àwọn ọmọdé nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nínú ìwé, Yorùbá ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, láìdúró rárá, bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi ni mo máa ń to ìwé fún un, òun náà ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà: a kì í gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó bá fẹ́ mú un lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú, páálí ìwé kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé lọ́hùn-ún ló kó àwọn ìwé tí ilé ìkàwé kan kò fẹ́ mọ́ jọ fún wa. Ìwé ehoro wà níbẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀. Kò dá mi lójú pé ẹni tó kó wọn jọ ṣí wọn wò.

Sisí Tísà fa ọ̀kan yọ tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ òṣùmàrè. Ó jókòó, ó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún un kà.

Ìtàn ni ìwé náà ń sọ fún àwọn ọmọdé, ìtàn àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, láti ayé àtijọ́ títí di ìsinsìnyí. N kò mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà! Ta ni ì bá kọ́ wa? Ọba àti ogun àti gómìnà ló kún inú ìwé Ìtàn tí à ń lò ní ilé-ìwé. Nínú èyí, àwọn ọkùnrin wà ní ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Jámánì nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n rán àkísà onígun mẹ́ta mọ́ wọn láyà kí ayé lè mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú wọn. Èrò ń rìn ní ìgboro ìlú ńlá kan pẹ̀lú àsíá. Aṣọ kan wà tó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, tí wọ́n fi rántí àwọn tí àrùn éèdì pa. Olúkúlùkù ní ègé tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Sisí fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ti so ègé kan mọ́ èkejì. Ó ní Fọlá ì bá ti bá wọn wá àléébù sí rírán yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú rẹ̀.

Mo rò pé yóò tọ́jú ìwé náà sí ìsàlẹ̀ páálí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ó kà á fún àwọn ọmọ. Mo ti rò ó títí: kí ló mú un ṣe é? Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọn kò jẹ́ kí ó bu erùpẹ̀.

Àwọn ọmọ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn ehoro. Ọ̀kan béèrè bóyá àwọn ọkùnrin yẹn ń se oúnjẹ fúnra wọn.

“Wọ́n ń sè é,” ni Sisí wí. “Ṣé ebi mọ ọkùnrin ni?”

“Tí wọ́n bá jà ńkọ́?”

“Wọ́n á parí rẹ̀. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kì í jà ni?”

Nígbà tó yá, ó ṣí ewé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo sọ!

“Sisí, ẹ ti fo ibì kan! Mo rí yín!”

Tóbi ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ọmọ-ọmọ Pápá Sámúẹ́lì. Ìkòyí ni ìyá rẹ̀, Anti Bísí ọmọ Pápá, ń gbé, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé e wá sọ́dọ̀ Pápá ní òpin ọ̀sẹ̀ kí ó má baà gbàgbé Yorùbá.

“Ojú rẹ mú ju abẹ́rẹ́ lọ,” ni Sisí wí. Ó ṣí i padà.

Ìyá àgbà méjì ni wọ́n yà síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí omi. Ọ̀kan wọ awò ojú. Èkejì gbé aṣọ lé itan, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tóbi pariwo pé, “Sisí Fọlá rèé! Ẹ̀yin náà rèé!” Àwọn ọmọ tó kù dìde láti wò ó, wọ́n sì gbà pé lóòótọ́, òun ni, àfi pé Sisí Fọlá dúdú.

Sisí Tísà kà á pẹ̀lú ohùn kékeré. Ó ní àwọn obìnrin méjì yìí jọ gbé títí wọ́n fi dàgbà. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí tọkọtaya. Ọ̀rẹ́ ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó pa ìwé dé, ó sì ní kí a máa lọ sílé.

Tóbi ní òun fẹ́ mú un lọ. Mo rí bí ọwọ́ Sisí ṣe dúró lórí ìwé náà. Mo sì rí i tí ó gbé ọwọ́ kúrò. Òfin ni òfin.

Ọjọ́ àdúrà pé. Ẹbí dé láti ibi gbogbo. Wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn náà Pápá yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ṣí yàrá náà. Èmi àti màmá mi ń gbé ìjókòó lọ síbẹ̀, nítorí náà mo rí ohun tí wọ́n rí. Àpótí méjì péré. Ibùsùn kan. Fóòmù orí ibùsùn náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á!

Gbogbo ojú wò ó.  Ìyá kan mi orí, ó ní, “Ẹ ò rí i pé Fọlá mọ nǹkan tọ́jú.”

“Ó mọ̀ ọ́n tọ́jú o,” ni gbogbo wọn dáhùn.

Wọ́n pín ẹrù. Wọ́n fún Anti Bísí ní máṣíìnì. Wọ́n jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Sisí Tísà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra wọn. Pápá dìde, wọ́n tún kóòtù wọn ṣe. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ọ̀rọ̀ nípa yàrá tó kọjú sí ọ̀sà.

Bí Tóbi ṣe sáré wọlé nìyẹn.

“Pápá! Pápá, ẹ wá wo Sisí Fọlá nínú ìwé!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Pápá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní áà, ó jọ ọ́ lóòótọ́! Wọ́n nà án sí ìyá kan. Ìwé ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, gbogbo wọn ń wo àwòrán, wọ́n ń sọ pé wo bó ṣe di abẹ́rẹ́ mú. Kò sí ẹni tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, títí ó fi dé ọwọ́ Anti Bísí.

Anti Bísí kà á. Kíláàsì Sisí Tísà ni ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé.

“Tóbi, níbo lo ti rí èyí?”

“Sisí ló kà á fún wa. Àwọn méjèèjì ni. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ẹ̀yin àti Dádì.”

Ìgbájú tí Anti Bísí gbá a dún dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí ó má pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Búọ̀dá Láńre, àbúrò Pápá, gba ìwé náà, ó kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un sọ ní Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́. Ó ní ìríra ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ẹbí òun. Gbogbo ilé dàrú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yin fóòmù inú ọ̀rá ń ké pé àwọn kò mọ̀, àwọn kò mọ̀ rárá!

Pápá gbé ọwọ́ sókè. Pápá fúnra wọn kọjú sí Sisí Tísà. Mo rí i pé ojú wọn ń bẹ̀ ẹ́.

“Sisí, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹ sọ pé irọ́ ni, kí n lè parí ohun tí mo ń sọ.”

Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni! Irọ́ ni. Yàrá tó kọjú sí ọ̀sà ì bá di tirẹ̀ títí ayé. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi: Sisí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́.

Sisí Tísà wo Tóbi, tó ń sunkún, tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. 

“Ọmọ náà kò purọ́,” ni ó wí.

Pápá jókòó, bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. “Ẹ kò jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́,” ni wọ́n ń sọ, “ẹ kò jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́.” Wọn kò sọ ohun tó kù nípa yàrá náà mọ́. Búọ̀dá Láńre ló bá wọn sọ ọ́: kí oṣù tó parí, kí Sisí Tísà kó jáde. Búọ̀dá Láńre náà ló sọ ìwé náà sínú iná tí wọ́n fi ń dáná ìrẹsì ní ẹ̀yìnkùlé. Bébà rẹ̀ nípọn, kò tètè jó. Ìgbà tí mo gbé abọ́ dé ibẹ̀, ó ń wú, ó ń ká kò, àwọ̀ rẹ̀ ń di dúdú.

Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má bá Sisí di ẹrù, pé ayálégbé ni wá. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ tí Sisí fẹ́ lọ, màmá mi kò lọ sí ibi iṣẹ́. Ó gòkè lọ, ó bá a di gbogbo ẹrù rẹ̀, ó rù ú lórí, ó sì sìn ín dé ibi tí ó ti wọ ọkọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn.  Ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra ni Sisí yọ orí síta, tí ó sọ fún mi pé kí n má ṣe dá àròkọ kíkọ dúró.

A gbọ́ láti ẹnu ará Ìjẹ̀bú kan pé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Sisí wà, pé inú yàrá tí wọ́n ń kó àpò gàrí sí ni ó ń sùn, pé kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ti yàrá ìkàwé ọmọdé pa. Wọ́n ní àwọn yóò yẹ àwọn ìwé náà wò. Ẹnikẹ́ni kò tíì wá yẹ̀ wọ́n wò. Òrùlé ń jò sórí páálí náà.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mo ti máa ń rò pé ìdákẹ́jẹ́ àwọn àgbà jẹ́ àánú. Àánú ni lóòótọ́. Òun ló fún Sisí ní ibi tí yóò sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ìdákẹ́jẹ́ bò bí aṣọ, ọwọ́ ẹni tó bò ó ni etí aṣọ náà wà. Nígbà tó bá wù ú, yóò ká a kúrò. Ìwé náà kò sọ ohun tuntun kan fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, níbi tí ọmọdé lè kà á.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó dá mi lójú pé kì í ṣe Olówógbowó nìkan ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ta ni wọ́n ń pè ní ọ̀rẹ́ ní àdúgbò tiyín? Bí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ kọ ọ́ kí àwa náà kà á. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́.

Ẹ sì bá mi wá èsì kan. Tóbi kì í pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó wá jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun ti bi Pápá, Pápá ní kí òun lọ ṣeré. Òun bi ìyá òun, ìyá òun ní kí òun pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi èmi náà, èmi tí mo mọ ìwé kọ:

“Anti Mojí, Sisí ní n kò purọ́. Kí ló wá dé tí wọ́n fi lé wọn lọ?”